Òṣùpá Tí Kò Tàn Lórí Koríko Ẹ́sítéètì Wa

Yusrah ọmọ mi,

Kí ìwé yìí bá ọ láyọ̀ ní Manchester níbẹ̀ yẹn, kí òtútù ìlú náà má mọ orúkọ rẹ. Bàbá rẹ, Làtíìfù Ajíbóyè, ló ń kọ ọ́ fúnra rẹ̀: èmi tí mo gbálẹ̀ ọ́fíìsì títí ẹ̀yìn mi fi tẹ̀, tí mo ru páálí ẹja ní ọjà Rye Lane nígbà tí yìnyín ń bọ́, tí mo sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nílé onílé ní Aylesbury, tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi ní A B D parí, kí n tó di ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ẹja tirẹ̀, tí òyìnbó ń tò síwájú rẹ̀. O mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó dáa kí n tún un sọ.

Ìyá rẹ ń kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti ń sàn. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni ti òṣùpá.

Nígbà Kérésìmesì, àwọn onígbàgbọ́ ẹ́sítéètì wa gbé ilé ẹran kékeré kan sórí koríko iwájú ilé, Màríà àti ọmọ jòjòló wà nínú rẹ̀, àgùntàn wọn ń tàn yanran. Ó wù mí. Mo ní tó bá di Ramadan, òṣùpá tiwa náà yóò tàn níbẹ̀. Sherifdeen tó ń jórin fi irin àti gílóòbù ṣe é, ó ga jù mí lọ. Àmọ́ ní ìpàdé àwọn ayálégbé, Asher tó ń gbé òkè wa, ẹni tó ní òun ò gba Ọlọ́run kankan gbọ́, dìde, ó ní koríko yẹn, ti gbogbo wa ni, bí wọn ò bá ti ní í gba ti gbogbo ẹ̀sìn, kí wọ́n má gba ti ẹnì kankan. Mi ò dúró gbọ́ ìyókù, mo bínú jáde. Láti ọjọ́ náà, tó bá kí mi, ògiri ni mò ń wò. Mo tiẹ̀ sọ fún un níwájú àwọn oníbàárà mi pé ẹni tí kò ní Ọlọ́run kò ní í ba tiwa jẹ́. Ó ní òun dúpẹ́, ó gba ẹja rẹ̀, ó lọ.

Mo pe káńsù, ìjọba ìbílẹ̀ tó ni ẹ́sítéètì wa. Obìnrin kan gbé e, ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa, ó ní ìpè mi ṣe pàtàkì sí àwọn. Mo ní ìwọ náà ṣe pàtàkì, Ọlọ́run á fún ọ lọ́mọ. Kò rẹ̀ ẹ́, ó ń tún un sọ títí ọbẹ̀ tí mo gbé kaná fi jóná, kò sì dá mi lóhùn lórí òṣùpá. Ni mo bá fẹsẹ̀ ara mi lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ṣé èèyàn ń fi ọwọ́ òfo tọrọ ilẹ̀ ni? Mo ra iṣu tó dáa àti epo pupa, mo gbé e fún Miracle, ọmọbìnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ náà. Ó ní rárá o, kí n gbé e padà. Mo rò pé ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni, tó kọ́kọ́ ń kọ̀ kó tó gbà. Mo tì í sábẹ́ tábìlì rẹ̀, mo ṣàdúà fún un, mo yára jáde.

Ìwé wọn dé: wọ́n dá òṣùpá dúró, wọ́n ní ó jọ pé mo fẹ́ fún àwọn ní rìbá. Èmi! Mo ní Asher ló wà nídìí ẹ̀. Àfi ìgbà tí Ọládiméjì, akọ̀wé mọ́ṣáláṣí wa, wá sọ fún mi pé Asher gan-an ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ tí mọ́ṣáláṣí kọ sí káńsù nítorí òṣùpá, àti pé nígbà tí ọ̀rọ̀ iṣu bẹ́, ó wá bi ìyá rẹ bó ṣe jẹ́, ó sì lọ ṣàlàyé fún wọn pé kíkí ni bàbá náà kí wọn, bí wọ́n ṣe ń kíni nílùú rẹ̀ nìyẹn. Ó ní òun ò mọ Ọlọ́run tó ni òṣùpá, ṣùgbọ́n òun mọ aládùúgbò tó ni ín. Ìyá rẹ ò sọ fún mi torí mi ò fẹ́ gbọ́ orúkọ ọkùnrin náà. Káńsù ti gbà báyìí, àmọ́ Ramadan ti lọ. Òṣùpá fara ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá rẹ ń sá aṣọ lé e.

Yusrah, ó ń dùn mí. Ọjọ́ tí o sọ pé o ò kírun mọ́, pé o ò mọ̀ bóyá ẹnì kan wà lókè, ojú tí mo fi wo Asher yìí náà ni mo fi wò ọ́, o sì ti dẹ́kun wíwálé. Mo rò pé ẹni tí kò bá gbà gbọ́, ńṣe ló fẹ́ kí iná wa kú. Bẹ́ẹ̀ ìwọ lo máa ń ra dàbínù tí a fi ń ṣínu. Lọ́dún yìí èmi ni mo rà á. Kò dùn.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kí n fi ra gílóòbù tuntun. Kì í ṣe pé mi ò ní o, ṣé èmi ni mi ò ní í ní? Mo kàn fẹ́ kí ọwọ́ rẹ wà níbẹ̀ nígbà tó bá tàn ní Iléyá. Ọlọ́run tí mo mọ̀ á máa ṣọ́ ọ, o mọ̀ ọ́n o, o ò mọ̀ ọ́n o, àtijáde àtiwọlé rẹ.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí Iléyá tó dé, màá gbé iṣu gun àtẹ̀gùn lọ sọ́dọ̀ Asher. Òun kì í ṣe káńsù, á gbà á. Àbúrò mi tó kéré jù pàápàá jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n èmi ni màá kọ́kọ́ kí i. Tí mo bá sọ̀kalẹ̀, màá pè ọ́. Jọ̀ọ́, gbé e. Má ṣe wàhálà pé o fẹ́ kúnlẹ̀ kí mi; èmi náà ni màá kọ́kọ́ kí ọ.