Nọ́ńbà Tó Wà Lórúkọ Yín

Bàbá mi, ẹ̀yin tí mo ṣì ń kí kí n tó jókòó sórí àga yín,

Àwọn ohun tí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn láti bí ọjọ́ mẹ́sàn-án nìyí. Òrùlé ibi ìdáná tó ń jò. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi, àti oògùn rẹ̀ tí mi ò lè rántí bóyá mo ti lò ó tàbí mi ò tíì lò ó. Ìyá àwọn ọmọ tó lọ bá wọn wẹ ọmọ ní Ìbàdàn, tí mi ò mọ ọjọ́ tó máa dé. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, bóyá mo tì í. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lẹ́yìn ilé ìwé. Àti Bámidélé. Bí mo bá máa sọ òótọ́ fún yín, Bámidélé nìkan ni. Àwọn tó kù kàn ń bá a kẹ́gbẹ́ ni.

Bàbá, àbúrò mi pè. Mo rò pé òun ni.

Ní Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún, mo lọ gba oògùn ní Ìsẹ̀. Bí ọ̀kadà tó gbé mi láti Ọ̀rún níbí ṣe dé orí gegele ọ̀nà Ìsẹ̀, fóònù ilé wa àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nínú àpò mi. Àtẹ̀jíṣẹ́ ló wọlé, pé nọ́ńbà kan tí kì í ṣe ti Nàìjíríà ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta ní Ọjọ́ Àìkú, nígbà tí fóònù ò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo ní kí ọlọ́kadà dúró. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ tọ̀ ni?" Mo pe nọ́ńbà náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ó dún títí, obìnrin kan gbé e, ó ń sọ Faransé. Mo pariwo orúkọ Bámidélé títí tí ewúrẹ́ fi sá kúrò lẹ́bàá ọ̀nà. Ìlà já. Láti ìgbà yẹn, wọn ò gbé e mọ́.

Ẹ rántí bó ṣe máa ń pè wá láti Àbíjáànì, ní Ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Ẹ kì í gbà á bí mo bá na fóònù sí yín. Ẹ̀ ń bínú. Ṣùgbọ́n ẹ máa ń sún àga yín mọ́ tèmi, ẹ ó máa bó ẹ̀gúsí bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ gbé fóònù sí apá ọ̀dọ̀ yín. Mi ò sọ ọ́ fún yín rí. Ṣé ẹ mọ̀? Àbí ẹ rò pé etí mi ló ń dùn mí lápá kan?

Ọdún tó ṣáájú èyí tí ẹ lọ ni ilé iṣẹ́ kékeré tó ni nọ́ńbà fóònù àtijọ́ yẹn tú òpó rẹ̀ palẹ̀ ní ìlú wa. Ilé iṣẹ́ ńlá nìkan ló kù, òpó tiwọn ló wà lẹ́yìn ilé ìwé. Àwọn ọmọ ra síìmù ilé iṣẹ́ ńlá yẹn fún mi, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ti àtijọ́ nìkan ni Bámidélé mọ̀. Láti ìgbà tí òpó yẹn ti kúrò, mi ò mọ̀ bóyá òun ló dákẹ́, tàbí àwa ló dákẹ́ fún un. Kò mọ̀ pé ẹ ti lọ, Bàbá. Bí ó bá ń pè báyìí, ó lè jẹ́ ẹ̀yin ló fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ara rẹ̀ ha le? Ta ni obìnrin yẹn?

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ, pé kí n gbé nọ́ńbà náà lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ní òpó. Wọ́n máa ń ṣe é, nọ́ńbà ò ní yí padà. Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun mo lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Ìkẹ́rẹ́. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ wo kọ̀ǹpútà, ó ní, "Sà, kì í ṣe orúkọ yín ló wà lórí láìnì yìí." Orúkọ yín ni. Ẹ rántí ọjọ́ tí wọ́n ní kí gbogbo èèyàn wá fi orúkọ síìmù sílẹ̀? Èmi ni mo ní kí wọ́n kọ tiyín. Rédíò, mítà iná, ìwé ilẹ̀, kò sí ohun tó wọ ilé yìí tí kì í jẹ́ orúkọ yín. Ó dà bí àfojúdi lójú mi pé kí fóònù ilé máa jẹ́ orúkọ mi nígbà tí ẹ wà láyé. Ẹ wọ agbádá aláwọ̀ eérú yẹn, ẹ tẹ̀ka, ẹ ń bi wọ́n bóyá ìka kan tó.

Ọmọbìnrin yẹn ní ẹni tó ni láìnì ló gbọ́dọ̀ wá fúnra rẹ̀. Mo ní ẹ ti kú. Ó ní, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, sà. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ikú wá, ẹ lọ búra ní kóòtù, kí gbogbo ọmọ tí Bàbá bí sì wá fọwọ́ sí i."

Gbogbo ọmọ tí ẹ bí. Èmi àti ẹni tí mò ń wá.

Ọmọ mi àgbà ti bá mi darí ìpè láti orí síìmù àtijọ́ sórí tuntun tẹ́lẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà ó kú, kò sì sẹ́ni tó mọ ìdí.

Ohun kan ṣoṣo ló kù, ó sì ti kọjá agbára mi. Wọ́n ń sọ ọ́ lórí rédíò pé ìjọba ń rò ó bóyá kí wọ́n fi dandan mú àwọn ilé iṣẹ́ ńlá láti jẹ́ kí síìmù àwọn yòókù máa lo òpó wọn níbi tí tiwọn ò bá sí. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, fóònù yín máa jí nínú ilé yìí láìsí pé ẹnikẹ́ni tẹ̀ka. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń ráhùn. Mo kọ lẹ́tà sí Àbújá lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí èsì.

Ọ̀rọ̀ yìí dìjà ní ṣọ́ọ̀bù Sámúẹ́lì kápẹ́ńtà ní Ọjọ́bọ̀. Sámúẹ́lì ní, "Ta ló máa gbé jẹnẹrétọ̀ òpó àti dísẹ́ẹ̀lì wá sí Ọ̀rún mọ́, bí ẹni tí kò gbé nǹkan kan wá bá fẹ́ jókòó tì í?" Ìyá Rẹ̀mí tó ń ta kẹrosíìnì kọjú sí i, ó ní, "Ìwọ Sámú, bí ìyàwó rẹ bá ń rọbí, ṣé wàá kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ló ń lò?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó wá yíjú sí mi, "Bàbá Nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ gbà wá, ẹ sọ tiyín!" Orúkọ tí wọ́n ń pè mí nìyẹn báyìí. Kànga wa ni mò ń rò, Bàbá.

Ẹ̀yin àti Bámidélé lẹ gbẹ́ ẹ. Ẹ̀ ń gbẹ́, òun ń fa iyẹ̀pẹ̀ sókè. Ẹ fi àgádágodo sí ìdérí rẹ̀, nítorí garawa àwọn ará àdúgbò ń da omi rú. Ọ̀gbẹlẹ̀ burúkú yẹn dé, àwọn obìnrin ń gbé korobá òfo kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa, Bámidélé sì fi òòlù fọ́ àgádágodo náà. Ẹ ní kì í ṣe ọmọ yín mọ́. Àwọn àgbà àdúgbò pé jọ, wọ́n ní kí kànga wà ní ṣíṣí fún gbogbo ayé. Ẹ ṣí i. Ẹ ò gbẹ́ ẹrẹ̀ inú rẹ̀ mọ́, ẹnì kankan ò gbẹ́ ẹ, ẹrẹ̀ dí i pa, kò sì sẹ́ni tó tún gbẹ́ kànga ní àdúgbò wa láti ìgbà náà. Bámidélé ti lọ nígbà yẹn.

Èmi dúró sáàárín ẹ̀yin méjèèjì lọ́jọ́ tó fọ́ àgádágodo náà, mi ò sọ nǹkan kan. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, mo sì dákẹ́ bí ọmọdé. Ṣé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi ni, àbí òun? Mo rò pé ẹ̀yin lẹ gbẹ́ ẹ lóòótọ́. Mo rò pé òǹgbẹ ń gbẹ àwọn ará àdúgbò lóòótọ́. Bí ìjọba bá bi mí léèrè lónìí, màá ní kí wọ́n fọ́ àgádágodo òpó yẹn ní kíá, lẹ́yìn náà màá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàníyàn ta ló máa gbẹ́ ẹrẹ̀ rẹ̀.

Lónìí Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo gun àpáta ẹ̀yìn ọjà, mo na fóònù yín sókè. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé iṣẹ́ kékeré máa ń fẹ́ síbẹ̀ nígbà mìíràn. Ó yọ igi kan lójú fóònù, ó lọ. Ó tún yọ, ó lọ. Láti orí àpáta yẹn, mò ń rí òpó ńlá lẹ́yìn ilé ìwé, kò jìnnà rárá. Ọwọ́ dùn mí, mo sọ̀ kalẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó pè.

Nígbà tí ẹ fẹ́ lọ, ẹ di ọwọ́ mi mú, ẹ ní kí n ṣe nǹkan méjì: kí n má pààrọ̀ nọ́ńbà, kí n má sì fi ilé sílẹ̀ lófo, kí ẹni tó bá padà dé lè bá èèyàn nílé. Bàbá, méjèèjì ò ṣeé ṣe pọ̀ mọ́. Mo ti jókòó sílé, nọ́ńbà náà sì kú sí mi lọ́wọ́. Ẹ má bínú sí mi. Ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin mi ní Ìkẹ́rẹ́ ni mo ń lọ, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé iṣẹ́ kékeré yẹn ti kún. Màá jókòó ti fóònù yín níbẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́ Àìkú, títí yóò fi dún.

Mi ò ní ti ilẹ̀kùn iwájú. Màá pa á dé ni. Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára rẹ̀: Bámidélé, wọlé, mo wà ní Ìkẹ́rẹ́. Mo fẹ́ kọ pé ẹ ti lọ sísàlẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ mi ò gbé e. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún un bí ó bá pè? Kí ni màá kọ́kọ́ sọ?

Ọjọ́ Sátidé ni ìmọ́tótó àyíká, mọ́tò lè má rìn, bẹ́ẹ̀ ni mi ò fẹ́ kí Àìkú bá mi lójú ọ̀nà. Mo ti di báàgì, oògùn mi wà nínú rẹ̀.

Ọmọ yín tó dákẹ́ lọ́jọ́ náà, tó sì fẹ́ràn yín títí dòní, yóò jáde nílé yín láàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí.