Ọ̀pá Ìyá Rẹ Tí Mo Fi Ṣe Ẹsẹ̀ Alùpùpù

Abà Aládìí,
Lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá, 2021.

Ọlánípẹ̀kun ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ara ò ro ọ́? Ọlọ́run tó jẹ́ kí òjò ọdún yìí parí ní ojú wa yóò jẹ́ kí ọyẹ́ náà wá, kó sì lọ ní ojú wa. Ojú ò ní tì ọ́ ní Kàdúná tí o wà yẹn. Bá mi kí Àmínà ìyàwó onílé rẹ, sọ fún un pé mo ní sannu, ìyẹn nìkan ni mo ṣì rántí nínú gbogbo Hausa tí o kọ́ mi.

Ara wa le níbí. Ewúrẹ́ pupa ti bí ìbejì. Ayọ̀mípọ̀sí àbúrò rẹ kí ọ, òun ló ń gbálẹ̀, òun náà ló ń dáná láti ìgbà tí ìyá yín ti lọ. Oṣù márùn-ún ti pé tí a sin ín. N kò ní tún ọ̀rọ̀ ìsìnkú yẹn sọ. O ní ọ̀nà ò dára, o ní wọ́n ń jí èèyàn gbé lójú títì, mo gbọ́. O fi alùpùpù rẹ ránṣẹ́ dípò ara rẹ, mo dúpẹ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ alùpùpù yẹn gan-an ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nínú tírélà, mo ní kí ló dé tó ga bí ẹṣin báyìí? Ayọ̀mípọ̀sí ní ìwọ lo pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ sí èyí tó gùn, nítorí kòtò tó wà ládùúgbò yín ní Gonin Gora. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ara ga, ẹsẹ̀ ò ga. Sítáǹdì ẹ̀gbẹ́ tí a fi ń gbé e dúró ti kúrú jù, alùpùpù wá ń tẹ̀ sí òsì, bí mo bá ti yíjú báyìí, gbì! ó ti ṣubú. Mo dúró wò ó, orí mi wú. Bí ìyá rẹ ṣe ń tẹ̀ sí òsì nìyẹn ní ọdún méjì tí ẹsẹ̀ fi dùn ún.

Ìwọ fúnra rẹ lo ní kí n fi irin kún un. Ayọ̀mípọ̀sí tẹ fóònù, mo gbọ́ ohùn rẹ, mo kí ọ, o ò dáhùn, o kàn ní kí n jẹ́ kí ajórin fi irin díẹ̀ kún ẹsẹ̀ rẹ̀, kó má sì gùn jù. Mo ní ṣé o ti jẹun. O tún sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Mo ní ìgbà wo lo ń bọ̀ wá wo ojú oórì ìyá rẹ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, o ò fi ẹyọ kan lé e. Ẹ̀rù bà mí. Ayọ̀mípọ̀sí ń rẹ́rìn-ín, ó ní ohùn tí o gbà sílẹ̀ sórí fóònù fi ránṣẹ́ ni, ìwọ kọ́. Mo ní bí kì í bá ṣe ìwọ, kí ló dé tó fi ń mí?

Mo wá ti alùpùpù lọ sọ́dọ̀ Ezra ajórin. Ó ní òun ò ní irin tó bá a mu, kí n mú irin wá. Mo wá gbogbo inú ilé, ọ̀pá irin ìyá rẹ nìkan ni mo rí, èyí tí o rà fún un ní àdúgbò Television ní Kàdúná níbẹ̀, tí rọ́bà wà nídìí rẹ̀. O mọ̀ pé ẹbí ò tíì pín ẹrù rẹ̀, ìwọ àkọ́bí ni wọ́n ń dúró dè, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹrù òkú kí wọ́n tó pín in. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì ṣe é. Mo ní ìdí ọ̀pá lásán ni. Ezra gé e, ó jó o mọ́ sítáǹdì. Ó kọ́kọ́ gùn jù, alùpùpù dúró ṣánṣán, afẹ́fẹ́ tì í ṣubú sí ọ̀tún, díẹ̀ ló kù kó pa ọ̀kan nínú ìbejì ewúrẹ́. Ezra dín irin náà kù ní ìwọ̀n ìka méjì, ó dá rọ́bà padà sídìí rẹ̀, ó wá dúró dáadáa.

Lọ́jọ́ kẹta, Ayọ̀mípọ̀sí pè mí láàárọ̀. Ó ti gbálẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àná, ilẹ̀ mọ́ tónítóní, àmọ́ àmì roboto wà nínú yẹ̀pẹ̀, àmì rọ́bà ìdí ọ̀pá, láti ibi tí alùpùpù wà dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Àárín wọn ò ju ìṣísẹ̀ ẹni tó ń tiro lọ. Láti ọjọ́ yẹn n kò gùn ún mọ́, mo fi ṣéènì so ó mọ́ igi máńgòrò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyí, kò kúrò lójú kan. Síbẹ̀ rọ́bà ìdí irin náà ti jẹ tán.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, àmì náà yí ilé ká. Lọ́sẹ̀ kejì, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ oórì ìyá rẹ, kò yà síbẹ̀. Lánàá a tọ̀ ọ́ dé etí títì, ìhà Ìlọrin ló kọjú sí, ibi tí àwọn tírélà Kàdúná ń gbà. N kò sọ fún ọ rí pé lọ́jọ́ tó máa kú, ó ní kí a gbé ọ̀pá òun fún òun, òun fẹ́ lọ pàdé Ọlánípẹ̀kun lójú títì. Mo ní kó sinmi. Ó ń dùn mí títí dòní.

Mo ní kí Ezra yọ irin náà, ó kọ̀, ó ní ọmọ tó ni ogún ni kó wá dúró tì í. Nítorí náà, jọ̀ọ́, bá mi sọ fún àwọn ṣọ́jà tó ń dá ọkọ̀ dúró ní Gonin Gora yẹn. Bí wọ́n bá rí ìyá àgbà kan tó ń tiro bọ̀, kí wọ́n má yìnbọn, kí wọ́n má sì bi í ní káàdì ìdánimọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá ya fọ́tò káàdì náà níléèwé, ẹsẹ̀ ń dùn ún, kò lè lọ, kò sì sí orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

O mọ̀ pé mi ò kì í parí lẹ́tà láì tọrọ owó. Owó ọkọ̀ kan ni mo ń tọrọ lọ́tẹ̀ yìí, má fi ránṣẹ́ sí mi. San án fún awakọ̀ ní gáréèjì Television, kí o jókòó sínú ọkọ̀ náà. Ra rọ́bà ìdí ọ̀pá kan dání. Máa bọ̀ lọ́sàn-án, kí o sì má pẹ́, ọmọ mi, nítorí àárẹ̀ kì í mú òkú.

Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹsẹ̀ arìnrìn-àjò yóò ṣọ́ tìrẹ dé ilé, yóò sì dá ti ìyá rẹ padà lójú ọ̀nà.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọláoyè.