Bàskúlù Ẹyìn Tí A Fi Wọn Ẹbí

Lydie Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ láti Pobẹ̀, mo kí àwọn nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ ní Kútọnù, Olúwa á bá wa tọ́jú tiwọn náà. Ilé dára, ewúrẹ́ bí ìbejì, òjò rọ̀ sí oko wa ní Tówé, ẹyìn sì so débi pé igi ń ráhùn. Inú tèmi nìkan ni kò gún, torí mo gbọ́ pé o ní kí ẹnikẹ́ni nílé má wá wò ọ́, pé ojú ń tì ọ́. Mo kùn títí, ìyá rẹ ní mo dà bí ọmọ tí wọ́n já àkàrà gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí dókítà rẹ pè mí lórí pọtábù, mo dìde dúró, mo bọ́ fìlà kí n tó dáhùn. Ó ní àìsàn tó mú kí o máa sá fún oúnjẹ yìí kì í ṣe oríkunkun, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ó ní ohun tín-ín-tìn-tín púpọ̀ ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí bàbá àti ìyá ń pín fún ọmọ, pé àwọn kan níbẹ̀ ń jẹ́ kí ara tètè sanra tàbí kó máa tẹ́ẹ́rẹ́, àwọn kan sì lè mú kí oúnjẹ máa ba èèyàn lẹ́rù, àmọ́ kì í ṣe àwọn nìkan ló ń fà á, ó sì ní ìtọ́jú. Ó ní kí n wádìí bóyá ó ti ṣe ẹlòmíràn rí nínú ẹbí, kí n sì sọ ẹni tó sanra àti ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́.

Ó yé mi kíá. Bí epo inú bídọ́ọ̀nù ni, bí a bá pín in tí ti ẹnì kan kún jù, ó ní láti jẹ́ pé ti ẹlòmíràn ló bù kún tirẹ̀. Mo wo ikùn Élie ẹ̀gbọ́n rẹ, mo ní kó dá ti àbúrò rẹ̀ padà. Ó ní báwo lòun ṣe fẹ́ dá a padà. Mo ní kó lọ bi dókítà. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀yìn ilé ló ti ń jẹ gààrí rẹ̀.

Kí n má bàa purọ́ fún dókítà, mo yá bàskúlù tí Arnaud fi ń wọn ẹyìn tó bá ń rà á lọ́wọ́ wa, mo sì pe ẹbí jọ láti Ṣàkẹ́tẹ́ títí dé Tàkọ́n. O mọ Arnaud, bí ẹyìn bá ti wúwo, á ní omi ló wà nínú rẹ̀, á yọ díẹ̀ kúrò. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún wa. Ó yọ ti aṣọ, ó yọ ti bàtà, ó fẹ́ yọ ti òógùn ara Fòfó Ṣóbándé, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, ìjà fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ìyá rẹ nìkan ni kò rí bàtà yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, torí ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ń bọ̀ nínú sùtánà, aṣọ funfun wọn tí a kì í wọ bàtà sí. A rẹ́rìn-ín títí. Jẹ́ kí n jẹ́wọ́, èmi náà ki òkúta tí mo fi ń pọ́n àdá sápò, kí wọ́n má bàa sọ pé mo ti ń gbẹ.

Ó wá kan àbúrò mi Ọ̀ṣuntóyìn, tantí rẹ ará Ìta-Ìjẹ̀bú, tí gbogbo wa mọ̀ pé atẹ́gùn lè gbé lọ. Ó wúwo ju Élie lọ. Arnaud ní omi wà nínú eléyìí o. Ibẹ̀ ni ìdí ìró rẹ̀ ti tú, òkúta sì ń bọ́ sílẹ̀. A bú sẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí a rí i pé òun kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí bàskúlù náà, ó ní láti ìgbà tí òun ti wà lọ́mọge lòun ti ń ju ẹ̀kọ òun fún ajá, pé oúnjẹ dà bí ẹni tó ń bá òun jà, pé wọ́n ní ẹ̀mí àìmọ́ ló mú òun, òun sì pa ẹnu òun mọ́. Ó ní títí di òní tí òun ti ní ọmọ-ọmọ, ọjọ́ mìíràn wà tí òun gbọ́dọ̀ bẹ ara òun kí òun tó lè fọwọ́ kan oúnjẹ. Abọ́ kan náà la sì jọ jẹ dàgbà, Lydie, mi ò mọ̀. Ó gbójú sókè, ó ní:

“Ọmọ yẹn rò pé òun nìkan ni. Ẹ wá mọ́tò fún mi.”

Mo pe dókítà pé mo ti rí ẹni náà. Inú rẹ̀ dùn, ó ní kó máa bọ̀. Ó tún ní Élie kò mú nǹkan rẹ kankan o. Mi ò tíì sọ fún Élie.

Jọ̀wọ́, bí owó oṣù rẹ bá ti wọlé láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ sórí pọtábù mi, torí Arnaud ní a ti ba bàskúlù òun jẹ́, ọṣẹ tí ìyá rẹ fi ń fọ sùtánà sì ti tán. Ìyá rẹ ní kí n má tọrọ owó lọ́wọ́ ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní rárá, bí ọmọ bá ka lẹ́tà bàbá rẹ̀ tí kò bá ọ̀rọ̀ owó níbẹ̀, á rò pé ẹkún la ń sun nílé. A kò sunkún. Olúwa á sọ oúnjẹ di ọ̀rẹ́ rẹ, ara rẹ á le, wàá dàgbà dàgbà, wàá fi èmi náà ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn ọmọ rẹ.

Nọ́ọ̀sì ni yóò bá wa mú lẹ́tà yìí wọlé fún ọ. Bí o ṣe ń kà á yìí, Ọ̀ṣuntóyìn tó mú un wá ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní òun kò ní bẹ̀ ọ́ pé kí o jẹun, òun kò sì ní wo ọwọ́ rẹ, òun á kàn jókòó tì ọ́. Má jẹ́ kó pẹ́ lórí ìdúró.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bọ́láwájí