Gbẹ́rẹ́ Mẹ́ta ní Ìhà Bàbá

Sí Ògúnyọmí ọmọ mi ní Ìkẹjà,

Èmi Olóyè Ṣàngódélé, ọ̀gá gbogbo àgbẹ̀ Alábàtà, ẹni tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ń ta kó tó gbìn ín, ni mo kí ọ. O kú làálàá ìlú. Ṣàngó ò ní jẹ́ kí ìbínú ọ̀gá rẹ jó ọ. Ìyá rẹ ń kí ọ, ewúrẹ́ wa bí ìbejì, ikọ́ mi náà ń kí ọ.

Ikọ́ yẹn ló gbé mi dé ọsibítù l'Ábẹ́òkúta. Dókítà ní jẹjẹrẹ ló wà nínú ẹ̀dọ̀fóró mi apá ọ̀tún, pé kò tíì ràn dé ibòmíràn, wọ́n sì lè gé e kúrò. Ẹ̀rù ò bà mí rárá. Ó ní ọ̀nà méjì ló wà: kí wọ́n la ìhà mi gbàgà, tàbí kí wọ́n dá ihò kéékèèké mẹ́ta sí i, kí wọ́n ti kámẹ́rà wọlé. Mo ní bó bá di ti fọ́tò, kí wọ́n jẹ́ kí n gẹrun ná.

Mo bi í pé oògùn dúdú wo ló fẹ́ fi ra ojú gbẹ́rẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ní kò sí. Èmi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Gbẹ́rẹ́ la fi ń mú nǹkan wọlé, a kì í fi í mú nǹkan jáde. Ta ló ń gba ojú gbẹ́rẹ́ wa iṣu? Mo ní kó là mí gbàgà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ibì kan náà ni àwọn máa gé nínú méjèèjì, àmọ́ ti oníhò kì í dunni tó ti lílà, èèyàn a sì tètè padà sílé. Ó ní bí ọwọ́ ò bá wá tó o láti ojú ihò, àwọn lè là mí náà. Mo ní ṣé o rí i, ẹnu ara rẹ lo fi sọ ọ́.

Wọ́n gbé fọ́ọ̀mù wá pé kí n fi gbà kí wọ́n ṣe é, n ò tẹ̀ka. Ìgbà tí mo tẹ̀ka kẹ́yìn, ilẹ̀ wa ẹ̀bá yunifásítì ló bá a lọ. Nọ́ọ̀sì ní bó bá di Ọjọ́bọ̀ tí n ò tẹ̀ ẹ́, ẹlòmíràn ni wọ́n máa fi sí àyè mi. Nítorí náà, wá kà á sí mi létí. Mú owó ọkọ̀ wá, kí o ra ṣẹ́ẹ̀tì tó ní bọ́tìnnì níwájú, torí wọ́n ní apá mi ò ní fẹ́ gòkè lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣe é. Wàá dàgbà ju baba rẹ lọ.

Bọ̀ọ̀dá Yọmí, ẹ má bínú, èmi Ọ̀ṣunfẹ́mi àbúrò yín ni mo kọ ọ́. Bàbá ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín. Bí mo bá sì fi orúkọ mi kọ ọ́, ẹ máa ní mo tún ti bẹ̀rẹ̀, bíi ti ọjọ́ tí mo fi ohùn ọ̀gá ilé ìwé wa pè yín. Bí wọ́n bá rí yín, wọ́n á tẹ̀ka, mo mọ Bàbá. Ẹnu wọn ni gbogbo ọ̀rọ̀ ọsibítù yẹn ti jáde, èmi kàn fi wọ́n joyè, mo sì bá wọn pè yín wálé ni. Gbólóhùn kan péré ni mo fi kún un fúnra mi: ibi tí mo ti ní ẹ̀rù ò bà wọ́n.