Ọjọ́ Tí Mo Gba Píkíníìkì Lọ́wọ́ Onífìlà

Ọjọ́ Àìkú, 2 février (oṣù kejì)

Bingerville lánàá, nínú ọgbà àwọn igi ńlá. Èèyàn mẹ́rìnlélógún. Ẹja mẹ́rìnlélógún ni mo sun, mo ti fi ata tútù àti atalẹ̀ ra gbogbo wọn lára láti ọjọ́ Jímọ̀. Àtìẹ́kẹ́, gbágùúdá rírin tí wọ́n fi oru sè, funfun báláú, dòdò, bísápù tútù, omi ìṣápá pupa. Wọ́n jẹ, wọ́n lá ọwọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, ta ni wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀? Onífìlà.

Irène ni mò ń pè bẹ́ẹ̀ — inú ìwé yìí nìkan ni, mi ò jẹ́ pè é bẹ́ẹ̀ lójú ẹ̀. Nítorí fìlà koríko gbàǹgbà tó máa ń dé. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni, Attécoubé ló ń gbé. Ọdún mẹ́ta rèé tá a ti jọ ń ṣe iṣẹ́ píkíníìkì: òun á wá àwọn tó fẹ́ jáde lọ jẹun ní gbangba, á wá ibi tó dáa, á ṣètò ọjọ́ náà, èmi á dáná. Òun níwájú, èmi lẹ́yìn. Òun nínú fọ́tò, èmi nínú èéfín.

Mo wo àwọn fọ́tò tó fi ránṣẹ́. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo wà nínú ẹyọ kan — apá mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 février

Màámi tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi tó fi ogójì ọdún ta obì ní Anyama, tí ọ̀rọ̀ ìyìn kì í jábọ́ lẹ́nu ẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé báyìí, ní Koumassi. Onífìlà máa ń ní ká mú un dání lọ sí píkíníìkì kí ó lè gbatẹ́gùn.

Ó ń mu ẹ̀kọ láàárọ̀ yìí, ó ní, "Irène yẹn, ọmọ tó mọ ètò ni. Ó gbé tìmùtìmù wá fún mi. Ó wá ibi tí òòrùn ò ní dé ọ̀dọ̀ mi."

Mo ní, "Ẹja ńkọ́, Màámi?"

Ó ní, "Ẹja wà ńbẹ̀."

Ẹja wà ńbẹ̀! Bí ẹni pé fúnra ẹ̀ ló rìn dé orí iná.

Ọjọ́ Jímọ̀, 7 février

Onífìlà ra bàtà fún Màámi. Ó bá a lẹ́sẹ̀ mu. Mi ò tilẹ̀ mọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ ìyá mi.

Ọjọ́ Àìkú, 9 février

Onífìlà wá sílé pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀. Mounira ló fẹ́ kó àwọn èèyàn ẹ̀ jáde — olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan ní Treichville ni, ó ń ta aṣọ. Ọgbọ̀n èèyàn, àgbà àti ọmọdé. Wọ́n fẹ́ gbádùn ara wọn kí àwẹ̀ tó wọlé. Sátidé, 22.

Onífìlà ń sọ̀rọ̀, Màámi ń mirí. Pé omi àgbọn ni ká kọ́kọ́ fún wọn bí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀, torí òùngbẹ ni èèyàn máa ń gbé bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Pé ọ̀pẹ̀ òyìnbó Bonoua tí wọ́n gé láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni ká fún àwọn ọmọ. Pé ẹja ló kẹ́yìn, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sáré rẹ̀, tí àwọn ìyá lè jókòó. Ẹja ló kẹ́yìn, ó wí.

Mo ní ká lọ sí etí òkun Bassam. Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, òkun yẹn? Ó ń gbé èèyàn lọ. Òòrùn ibẹ̀ ò sì láàánú. Ẹ jẹ́ ká wá etí ọ̀sà."

Kì í ṣe ẹ̀rín burúkú. Àmọ́ Màámi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Màámi ni mi ò lè gbé mì.

Bàsìt, ọkọ mi, wò mí nígbà tí Onífìlà lọ tán. Ó ní, "Owú ń jẹ ọ́." Mo ní ata ló ta sí mi lójú. Ó ní, "Ata tó ń dé fìlà." 

Ọjọ́ Àìkú, 16 février

Inú igbó Banco lánàá. Obìnrin kan jẹ ẹja mi tán, ó tún bu òmíì. Ó béèrè pé, "Ta ló ṣe èyí?"

Mo ti ń la ẹnu. Onífìlà ti dáhùn: "Àwa ni."

Àwa! Ọwọ́ ta ló rùn fún àlùbọ́sà? Ta ló jí lọ sí etí ọ̀sà láti pàdé àwọn apẹja? *Àwa*. Ọ̀rọ̀ kékeré, ó gbé mi mì.

Ọjọ́bọ̀, 20 février

Mo ti ṣe é.

Mo pe Mounira. Mo ní Irène ṣàárẹ̀, pé àìsàn náà lágbára díẹ̀, kí wọ́n má pè é, kí ó lè sinmi. Mo ní èmi ni màá ṣe gbogbo ẹ̀, àti pé etí òkun Bassam la ń lọ. Ó ní, "Ọlọ́run á fún un lálàáfíà. A fọkàn tán ẹ."

Mo pe Onífìlà. Mo ní Mounira ti sún ìjáde náà di ẹ̀yìn àwẹ̀. Ó ní, "Ó mà ṣe o. Ẹ ṣe é, Àǹtí, tẹ́ ẹ tètè sọ fún mi."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Mi ò sọ nǹkan kan fún Màámi. Tó bá di Sátidé, á fojú ara ẹ̀ rí ohun tí mo lè ṣe.

Ọjọ́ Jímọ̀, 21 février

Ẹja ogójì. Àwọn tó sanra. Inú mi ń dùn, àyà mi ń já, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Sátidé, 22 février

Mo ti jókòó tì í tipẹ́ kí n tó lè kọ ọ́. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé.

Nínú ọkọ̀, Màámi béèrè, "Irène dà?" Mo ní ó ń ṣàárẹ̀. Ó ní, "Háà, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi."

A dé Bassam láago mẹ́wàá. Òkun ń bú. Iyanrìn funfun lọ súà, kò sí igi kan. Mo ti ro ẹja, mo ti ro ata, mo ti ro àtìẹ́kẹ́. Mi ò ro ibòji. Agbòòrùn méjì péré ni mo kó dání. Àwọn ọmọ bọ́ sílẹ̀, gbogbo wọn ń ké "omi, omi" — aago mọ́kànlá ò tíì lù tí omi tí mo gbé wá fi tán. Wọ́n ń sáré lọ sínú òkun, àwọn ìyá wọn ń fà wọ́n lápá padà, ẹnikẹ́ni ò lè jókòó. Atẹ́gùn ń da iyanrìn sínú àtìẹ́kẹ́. Èéfín yí padà, ó dojú kọ wọ́n. Yìnyín tí mo fi bo ẹja ti yọ́ tán. Mo gbóòórùn àwọn ẹja tó wà nísàlẹ̀, mo sin mẹ́sàn-án sínú iyanrìn nígbà tí wọn ò wò mí.

Mounira wá bá mi. Kò bínú. Ó ń nu ojú ọmọ kan. "Nímọ́tà, ṣé báyìí la ṣe máa wà títí dìrọ̀lẹ́?"

Mo ní ẹja ti fẹ́ jinná.

Màámi wà lábẹ́ agbòòrùn. Mo rí i tó gbé fóònù sétí. Mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi ló ń pè. Mo ń yí ẹja padà ni mo gbọ́ ohùn ẹ̀: "Irène, ọmọ mi, kú àìlera o. Ara ti le?" Ó tẹ́tí. "Ta ní ń ṣàárẹ̀? Ìwọ kọ́?" Ó tún tẹ́tí. "A wà ní Bassam. Gbogbo wa. Mounira wà níbí."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó wò mí. Ọwọ́ mi wà lórí ààrò, mi ò mọ̀ pé iná ń jó mi.

Kò pẹ́ sí i ni Màámi fẹ̀yìn lélẹ̀. Gèlè ẹ̀ tutù fún òógùn, ahọ́n ẹ̀ wúwo, ó pe orúkọ mi kò pé. A gbé e dìde, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò gbà á. Àwọn obìnrin pé lé e lórí, wọ́n ń fi ìborùn fẹ́ ẹ. Èmi ń sá sókè sá sódò pẹ̀lú ike tí kò sí omi nínú ẹ̀.

Fóònù Mounira dún. Irène ni. Mounira ròyìn ohun tó ṣe Màámi fún un, Irène sì ní kí wọ́n gbé e sí iwájú ọkọ̀, kí gbogbo wa yà lọ sí oko àgbọn bàbá kan tó ń jẹ́ Àbúdù, létí ọ̀sà, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ó ti pè é, bàbá náà ti ń ṣí géètì.

Nígbà tá a dé, bàbá náà ti gé àgbọn sílẹ̀. Ibòji tutù bí inú àmù. Màámi mu omi àgbọn méjì, ojú ẹ̀ là. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ náà mu." Ìgbà yẹn ni mo tó lè mí.

Irène dé ní nǹkan bí aago kan ààbọ̀, nínú tasí, pẹ̀lú ẹní, yìnyín, àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó rà lójú ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀ kí Màámi. Ó fọwọ́ kàn án níwájú orí. Ó dìde, ó tẹ́ ẹní síhìn-ín, ó kó àwọn ọmọ sọ́hùn-ún, ó wo ibi tí atẹ́gùn ti ń wá, ó ní kí wọ́n gbé ààrò mi sí òdìkejì. Èéfín kọjú sí ọ̀sà. Láàárín wákàtí kan wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n jẹ ẹja mi. Àwọn ọmọ sùn lórí ẹní. N kò rí píkíníìkì tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Èmi ńkọ́? Ìyá mi tí ikú fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín — ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé: *ó tún borí mi*. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ torí òótọ́ ni. Ó ń tì mí lójú, òótọ́ ni.

Mo bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ tasí. Mo ní, "Irène, jọ̀wọ́, má bínú."

Ó ní, "Màmá ni mo tìtorí ẹ̀ wá, àti àwọn ọmọ. Ká ní ẹ sọ fún mi pé ẹ ò fẹ́ bá mi ṣe mọ́ ni, ǹ bá lọ jẹ́jẹ́. Ẹ sọ mí di aláìsàn. Ó dàbọ̀, Madame."

Madame. Àǹtí ló máa ń pè mí.

Ọjọ́ Ajé, 24 février

Màámi ò bá mi sọ̀rọ̀ lánàá. Lónìí ara ẹ̀ ti le dáadáa, ó jókòó síwájú ilé. Mo lọ jókòó tì í. Mo rò pé mo fẹ́ tọrọ àforíjì ni. Nǹkan míì ló jáde lẹ́nu mi.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ máa ń yin ọmọ ọlọ́mọ, tẹ́ ò yìn mí rí?"

Kò yà á lẹ́nu. Ó ní, "Ọmọ ọlọ́mọ ni. Bí mi ò bá yìn ín, ṣé á tún padà wá? Ìwọ, ọwọ́ mi ni ọ́. Ta ní ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọwọ́ ara ẹ̀?"

Mo ní, "Ọwọ́ náà ń gbọ́ràn, Màámi. Ó ń gbọ́ ohun tẹ́ ẹ ń sọ fún ẹlòmíì."

 Ọ̀kadà mẹ́ta, mẹ́rin ló kọjá. Ó ní, "Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Lẹ́yìn náà: "Ohun tó o ṣe ò dáa. Lọ fẹnu ara ẹ sọ fún Mounira."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 février

Treichville. Mounira ń wọn aṣọ fún oníbàárà. Mo dúró títí onítọ̀hún fi lọ. Mo sọ gbogbo ẹ̀: àìsàn tí kò sí, irọ́ tí mo pa fún Irène. Mi ò fi nǹkan kan pa mọ́.

Ó ní, "Mo ti mọ̀ láti Sátidé. Mò ń dúró wò ó bóyá wàá wá ni."

Ó ká aṣọ. "Lẹ́yìn àwẹ̀ a tún máa jáde. Irène ni màá pè."

Mo ní ó dáa. Kò dáa, àmọ́ mo ní ó dáa.

Ọjọ́rú, 26 février

Mo kọ̀wé sí Onífìlà lórí fóònù — sí Irène. Pé mo ti sọ fún Mounira. Ó kà á. Kò fèsì.

Ọjọ́bọ̀, 27 février

Màámi ló pe Irène, kì í ṣe èmi. Ó ní òun fẹ́ mú un lọ sí Bingerville, àwọn méjèèjì péré, kí àwẹ̀ tó dé.

Mo ti wà létí ọ̀sà kí oòrùn tó yọ. Ẹja mẹ́ta. Mo sun wọ́n bí mo ṣe máa ń sun wọ́n, mo dì wọ́n sínú abọ́ onídèérí. Ẹnikẹ́ni ò rán mi.

Mo bá Màámi wé gèlè. Ó wọ bàtà ẹ̀. Tasí dúró síta. Irène ò bọ́ sílẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Madame." Mo ní káàárọ̀. Mo gbé abọ́ náà lé Màámi lẹ́sẹ̀. Ọwọ́ mi wà lára ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà, gbogbo ara mi ń sọ pé kí n wọlé jókòó. Mo tì í.

Mo gbálẹ̀. Mo tún gbálẹ̀. Bàsìt ní kí ni mo tún fẹ́ gbá kúrò lára ilẹ̀.

Wọ́n ti ń pe ìrun Alásàrí nígbà tí Màámi dé. Abọ́ náà ti ṣófo, wọ́n ti fọ̀ ọ́. Mo ní mi ò ní béèrè. Mo béèrè.

"Kí ni Irène sọ?"

"Kò sọ nǹkan kan."

Ó jókòó, ó bọ́ bàtà, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Mo ti yíjú padà, mò ń lọ.

"Mo jẹ ọ̀kan," Màámi ní. "Òun jẹ méjì."