Àdúrà Kì í Wọ Balùwẹ̀

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Èmi Múfútáù dọ̀bálẹ̀ gbọrọgbọrọ láti ìlú òtútù. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ kú ọjà tó wọ́n yìí. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Ṣìfáwù ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n ń kọ́. Mo kí gbogbo agbo ilé wa l'Ọ́yọ̀ọ́, tọmọdé tàgbà. Mo kí Alfa tó ń bá yín ka lẹ́tà. Mi ò bínú sí wọn; ohun tí mo kọ ni wọ́n kà.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni ẹ ti ń gbọ́ ohùn mi. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀wé pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò nínú ilé, ó ti dé Ọjà Akẹ̀sán, pé ọmọ yín ní òun ò fẹ́ àdúrà ìyá òun mọ́. Ohun tó bá ti dé ọjà, ọjà náà ló yẹ kí èèyàn ti dá a lóhùn. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí Alfa ti ka lẹ́tà mi tán, ẹ ò dárúkọ mi mọ́ lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Wọ́n ní bí èèyàn bá béèrè mi, ẹ ó kàn ní, ó wà. Ìyá mi, "ó wà" yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Ẹ jẹ́ kí n rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilé ìfọṣọ ọsibítù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn là ń fọ̀. Ẹ̀rọ ńláńlá mẹ́jọ ló ń kùn lẹ́ẹ̀kan náà láti àárọ̀. Bí mo bá délé, ariwo wọn á ti bá mi délé. Ó ń bẹ nínú etí mi tí mo bá ń jẹun, ó ń bẹ níbẹ̀ tí mo bá ń kírun. Ní ìgbà òtútù, oòrùn á ti wọ̀ kí n tó jáde lẹ́nu iṣẹ́, èmi nìkan ni mo sì ń ṣílẹ̀kùn yàrá mi. Kò sí ẹni tó máa ní, o káàbọ̀. Nígbà tó yá, ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Lọ́jọ́ kan mo pariwo mọ́ ẹnì kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé ó fi kẹ̀kẹ́ aṣọ kọ lù mí ní ẹsẹ̀. Ọ̀gá wa ní tí mo bá tún dán an wò, kí n máa lọ.

Nọ́ọ̀sì kan, ará Jàmáíkà, àgbà obìnrin, ló ní òun mọ ohun tó ń ṣe mí. Ó ní ara mi ti le koko bí okùn tí wọ́n fà jù. Ó ní bí mo bá ń wẹ̀ lójoojúmọ́, kí n má sáré wẹ̀ ẹ́. Kí n dúró lábẹ́ ṣáwà, kí omi gbígbóná máa dà sí mi léjìká, kí n sì máa gbọ́ ohùn kan tó tutù. Ó yá mi ní tépù kan tí wọ́n gba ohùn òkun sí. Mo rẹ́rìn-ín nínú. Mo ti ka ìwé díẹ̀ láyé mi, mi ò rí ibi tí wọ́n ti ń fi ariwo wo ariwo. Síbẹ̀ mo dán an wò. Òkun ń hó, ó ń padà, ó tún ń hó, àfi bí ẹ̀rọ ìfọṣọ! Mo dá a padà. Mo ní ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, níbo lèmi àti òkun ti mọra wa? Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kí n lọ wá ohùn tí ara mi mọ̀.

Ohùn tí ara mi mọ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: tépù tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi nígbà ọdún Iléyá, èyí tí Ẹ̀gbọ́n mi fi rẹ́kọ́dà wọn gbà. Ṣùgbọ́n àdúrà ló kún inú rẹ̀. Ẹ ò lè sọ gbólóhùn mẹ́ta kí ẹ má dárúkọ Ọlọ́run. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ́ mi pé a kì í dárúkọ Ọlọ́run ní balùwẹ̀. Ibì kan ṣoṣo nínú tépù náà ni orúkọ Rẹ̀ ò sí. Ẹ ṣe àmín tán, ẹ gbàgbé pé ẹ̀rọ ṣì ń gbọ́ yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀wà ọ̀lẹ̀lẹ̀. Mo ń gbọ́ ọwọ́ yín nínú omi, ṣìrì, ṣìrì, ẹ ń da èèpo nù. Ẹ ń kùn lábẹ́ ahọ́n. Ewúrẹ́ Ìyá Sìdí yọjú, ẹ ní olè ni, ẹ ní ó jọ olówó rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ bi wọ́n pé ṣé ẹ̀rọ yìí ò gbọ́ ohun tí ẹ sọ ṣá, ẹ wá kígbe pé "Sùbùhánálláhì!"

Ibi ẹ̀wà yẹn ni mo ń fi wẹ̀. Mo gbé ẹ̀rọ tépù mi sórí àga níta, lẹ́yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀, mo ṣílẹ̀kùn díẹ̀. Ìyá mi, ara mi rọ̀. Mi ò mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, mi ò sì lè fi ìwé kankan gbè é lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ọwọ́ mi dúró jẹ́ẹ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìgbà tí ẹ bá fẹ́ kígbe "Sùbùhánálláhì", mo gbọ́dọ̀ ti sáré jáde láti pa á. Lọ́jọ́ kan, ọṣẹ ti bò mí lójú, mo yọ̀, mo fi orúnkún gbá ilẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ̀wé sí yín pé kí ẹ bá mi gba ohùn yín sí tépù mìíràn. Ìwé lẹ́tà búlúù tí a ń ṣẹ́ po di àpò ara rẹ̀ yẹn ni mo fi kọ ọ́, kò sì gbà ju ohun tó lè gbà lọ. Mo ti fi òtútù àti ìkíni kún un. Ní etí ìwé níbi tó ṣẹ́ kù, mo kọ ọ́ wínníwínní pé, "Ẹ má fi àdúrà sí i." Àyè tán kí n tó kọ ọ́ pé balùwẹ̀ ni mo fẹ́ gbé e lọ.

Àṣìṣe mi nìyẹn. Ẹ forí jì mí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òdodo, torí ẹ máa ń rí i lójú mi tí mo bá purọ́. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ń rú mi lójú níbí. Mo ń kọ ìbéèrè sínú ìwé kékeré mi, mi ò rí ìdáhùn kọ sí i. Ṣé ibi tí ẹ̀rọ wà ló ṣe pàtàkì, àbí ibi tí etí wà? Tí ẹ̀rọ bá wà níta, ta ló máa sọ pé mo jẹ̀bi? Mo rò ó títí, mo ní n ó jẹ́ kí àdúrà yín máa lọ. Ara mi kọ̀. Ihòòhò ni mo sá jáde nínú òtútù kí orúkọ Ọlọ́run má bàa bá mi níbẹ̀. Ẹ wá sọ fún mi, Ìyá mi, ṣé ẹni tó ti kọ àdúrà sílẹ̀ ló ń sá báyìí?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba tépù náà fún mi. Ẹ bó ẹ̀wà, ẹ gbálẹ̀, ẹ bá ewúrẹ́ jà, ó tó mi. Tí ẹ bá sì gbàgbé, tí àdúrà bọ́ sí i, ẹ má jẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n mi pa á rẹ́. N ó pa omi, n ó nu ara, n ó wọṣọ, n ó jáde sí yàrá, n ó sì jókòó ṣe àmín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti àlàáfíà, kí a fojú kan ara wa láyọ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ kí Ìyá Sìdí, ẹ má sọ ohun tí mo gbọ́ fún wọn. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ọ̀la, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárúkọ mi.

Èmi ni,
Múfútáù, ọmọ yín.