Eyín Tí Adésànmí Dá Padà

Yàrá 304, Àjà Kẹta,
Berea,
Johannesburg,
Gúúsù Áfíríkà.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Bélú, ọdún 2024.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Tawakalit,

Báwo ni gbogbo ilé ní Òṣogbo? Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ara wọn ti mókun láti ìgbà tí o kọ̀wé pé ibà dá wọn dùbúlẹ̀? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ yẹn tẹlẹ̀ dáadáa? Mo gbọ́ pé Afusat ọmọ rẹ ti wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Inú mi dùn débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ibẹ̀ sókè fún Akínfẹ́mi ọkọ mi. Ọlọ́run yóò jẹ́ kó ṣe é parí láyọ̀.

Àwa náà wà níbí, a ń dúpẹ́. Ìgbà òjò ti dé sí wa. Ààrá a máa sán lọ́sàn-án bí ẹni tó ń bá ará ilé jà, kó sì tó di ìrọ̀lẹ́, oòrùn á ti tún yọ. Aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọdé ni mò ń rán báyìí, nítorí oṣù kìíní ọdún ni wọ́n ń wọlé níbí.

Mo mọ̀ pé o ti ń bínú sí mi. Lẹ́tà rẹ méjì ni n kò fèsì sí. Kì í ṣe pé mo gbàgbé rẹ. Eyín mi ló fà á. Ohun tó ṣe mí kò jẹ́ kí ó wù mí láti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ lórí ìwé. Fara balẹ̀ kí n sọ ọ́ fún ọ.

O rántí bí Màdámù ṣe máa ń pariwo lé wa lórí nígbà tí à ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ wọn ní Òkè-Fìà, pé ká yé fi eyín já òwú. Ìwọ gbọ́, èmi ò gbọ́. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi ń fi eyín iwájú já òwú. Sísọ́ọ̀sì á wà lórí tábìlì, síbẹ̀ ẹnu ni mo máa kọ́kọ́ gbé òwú lọ. Nínú oṣù Agẹmọ, mo ń rán bọ́tìnì mọ́ kóòtù ọkùnrin kan. Òwú rẹ̀ nípọn, ó le bí okùn ìwọ̀ ẹja. Mo gé e, mo gbọ́ ‘kọ́’, mo sì rò pé bọ́tìnì ló fọ́. Ìgbà tí mo tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ ni mo rí i pé ìdajì eyín mi ni.

Kò dùn mí lọ́jọ́ náà. Ìtìjú ló kọ́kọ́ dé, ìrora dé lọ́jọ́ kejì. Ìgbà òtútù ibí sì nìyẹn. Bí mo bá ṣí ẹnu láàárọ̀, atẹ́gùn lásán á ta mí dé agbárí.

O mọ̀ pé èmi ni mò ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì nínú ìjọ Aládùúrà wa, nínú gbọ̀ngàn kan tí kò jìnnà sílé wa. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo dìde láti ka Sáàmù. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ti ní ‘s’ tàbí ‘f’ nínú, afẹ́fẹ́ á gba ojú ihò náà jáde, á súfèé. Àwọn ọmọdé tó jókòó níwájú bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Mo kà á parí. Lẹ́yìn ìsìn, mo lọ bá alàgbà pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu tí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Àwọn oníbàárà mi rò pé mo ń bínú sí wọn.

Dókítà eyín tí mo kọ́kọ́ lọ bá wò ó fìrí, ó ní kí a yọ ọ́. Kò lo ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́dọ̀ mi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Akínfẹ́mi ló bi mí pé, “Bí ẹnì kan bá gbé aṣọ tó ya wá bá ọ, ṣé wàá ní kó lọ jù ú nù láìwo ibi tó ya dé?”

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Dókítà Lerato nìyẹn, obìnrin kúkúrú kan, ọmọ ilẹ̀ yìí, tó ń ṣiṣẹ́ ní Braamfontein nítòsí yunifásítì. Tawakalit, mo ti rí dókítà púpọ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì rí èyí tó máa ń sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún èèyàn kó tó ṣe é bíi tirẹ̀. Ó ya fọ́tò eyín náà, ó sì fi gbòǹgbò rẹ̀ hàn mí. Ó ní ọ̀kan nínú ohun méjì ni. Bí ibi tó sán bá ti wọ inú gbòǹgbò lọ, eyín náà gbọ́dọ̀ jáde. Bí kò bá tíì débẹ̀, òun á fọ inú gbòǹgbò náà mọ́, òun á fi òpó tẹ́ẹ́rẹ́ kan sínú rẹ̀, òun á wá fi ohun tí wọ́n ń pè ní kíráwùn dé e lórí. Adé ni ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n fìlà ló jọ lójú tèmi: eyín àtọwọ́dá tó ní ihò nínú, tí wọ́n ń dé mọ́ ìyókù eyín tẹni. Ó ní òun ò lè mọ èyí tó máa jẹ́ títí òun á fi ṣí i wò.

Mo gbàdúrà lórí àga yẹn ju bí mo ṣe gbàdúrà nígbà tí mò ń wá ìwé ìgbélùú lọ. O mọ̀ pé abẹ́rẹ́ máa ń bà mí lẹ́rù. Ó ní bó bá dùn mí, kí n gbé ọwọ́ òsì sókè, òun á dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé e, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì dúró. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó bi mí bóyá ó dùn mí ni àbí ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo ní ẹ̀rù ni. Ó ní ìyẹn náà tó ohun tí èèyàn ń dúró fún.

Nígbà tó pẹ́, ó sún àga rẹ̀ sẹ́yìn, ó ní, “Gbòǹgbò yín ò sán.” Abẹ́rẹ́ ti mú kí ẹnu mi kú. Mo kàn di apá rẹ̀ mú.

Ìgbà mẹ́ta ni mo lọ kó tó parí iṣẹ́ inú gbòǹgbò náà. Lẹ́yìn náà ló ki ohun rírọ̀ kan bí ìyẹ̀fun tí a pò sí mi lẹ́nu, ó ní kí n deyín mọ́ ọn, kí ẹni tí yóò ṣe adé náà lè mọ bí eyín mi ṣe rí. Ó wá lẹ eyín onígbà díẹ̀ mọ́ mi lẹ́nu, ó kìlọ̀ pé kí n má fi gé nǹkan. N kò sì fi gé nǹkan. Ọ̀rọ̀ ni mo sọ nínú takisí tí mo wọ̀ padà sílé. Takisí ni wọ́n ń pe bọ́ọ̀sì kékeré níbí, iná tó ń dá ọkọ̀ dúró ní oríta ni wọ́n sì ń pè ní robot. Bí o bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn iná náà, o gbọ́dọ̀ ké sí awakọ̀ pé “after robot”. Mo ké e. Eyín náà fò jáde, ó bọ́ sábẹ́ ìjókòó.

Mo fi ìborùn bo ẹnu. Ìyá àgbà kan tó jókòó tì mí rí ojú mi, ó bi mí ní èdè òyìnbó pé kí ló sọnù. Mo ṣí ìborùn náà díẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ̀rọ̀ sí awakọ̀ ní èdè Súlù, awakọ̀ sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Gbogbo èrò ọkọ̀ gbé ẹsẹ̀ sókè, wọ́n ń bá àjèjì wá eyín. Ìyá yẹn náà ló rí i. Ó fi tíṣù wé e, ó tẹ̀ ẹ́ sí mi lọ́wọ́, ó wá ṣí ẹnu tirẹ̀ hàn mí. Kò sí ẹyọ eyín kan lókè. Ó ní kí n tọ́jú tèmi. Mo padà lọ, Dókítà Lerato sì tún un lẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹni tí mo tìtorí rẹ̀ kọ ìwé yìí gan-an ló kù. Alàgbà ti ṣèlérí pé bí eyín mi bá parí, èmi ni n ó kàwé lọ́jọ́ ìkórè, ní ìparí oṣù Ọ̀wàrà. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìkórè, dókítà pè mí pé adé ti dé. Bí mo ṣe wọlé, mo bá ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gbé àpótí kékeré lọ́wọ́. Òun ló ṣe é. Ó ní ibi iṣẹ́ tirẹ̀ ní Turffontein, ó sì máa ń wá fúnra rẹ̀ bó bá jẹ́ eyín iwájú. Ó gbọ́ bí mo ṣe kí dókítà, ó yíjú sí mi, ó ní, “Mọ́mì, ẹ kú ọ̀sán. Ọmọ ibo ni yín?” Adésànmí lorúkọ rẹ̀, ọmọ Iléṣà. Bàbá rẹ̀ ń rọ wúrà nílé.

Dókítà fi adé náà sí mi lẹ́nu láìtíì lẹ̀ ẹ́, ó gbé dígí fún mi. Tawakalit, ẹnu mi pé. N kò tíì rí i bẹ́ẹ̀ láti oṣù mẹ́ta ó lé. Mo ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́.

Adésànmí ní kí n jọ̀ọ́ wá sójú fèrèsé. Ó ní kí n rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n pa ẹnu dé, kí n tún rẹ́rìn-ín. Ó sún sẹ́yìn bí àwa náà ṣe máa ń sún sẹ́yìn wo oníbàárà tó gbé aṣọ tuntun wọ̀. Ó wá ní, “Mọ́mì, kò tíì rí bó ṣe yẹ.”

Mo ní kí ló ṣe é.

“Ó funfun ju ìkejì rẹ̀ lọ. Ìkejì rẹ̀ yí díẹ̀ sọ́wọ́ òsì, èyí dúró gbọnrangandan. Ibẹ̀ ni ojú ẹnikẹ́ni tó bá wò yín máa kọ́kọ́ lọ.”

Mo ní ta ló fẹ́ wo ẹnu mi tó bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún un pé ọjọ́ Ìsinmi ni ìkórè, èmi ni n ó kàwé.

“Mo gbọ́, mà. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti lẹ̀ ẹ́, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ máa fi lò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mú un padà.”

Inú bí mi. Mo yíjú sí dókítà. Ó ní adé náà kò burú, òun lè lẹ̀ ẹ́ bí mo bá fẹ́, èmi ni mo ni ẹnu mi. Ó wá fi kún un pé ó ti tó ọdún mẹ́fà tí òun àti Adésànmí ti jọ ń ṣiṣẹ́, òun ò sì tíì rí i kó kọ iṣẹ́ ara rẹ̀ láìnídìí.

Mo wo ọkùnrin náà. Mo mọ irú ojú yẹn. Mélòó ni kọ́là ọrùn aṣọ tí èmi pẹ̀lú rẹ ti tú lọ́dọ̀ Màdámù, tí oníbàárà ní ó dáa, tí àwa mọ̀ pé kò dáa? Mo ní kó mú un lọ. Ó jókòó sí iwájú mi, ó yọ ìwé kékeré kan àti pẹ́ńsùlù mẹ́ta jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya eyín mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ya ibi tó pọ́n díẹ̀, ó ya ilà tó wà lára wọn. Ó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó fi ń wo ẹnu mi láìyára, láìkánjú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni mo jókòó sí lọ́jọ́ ìkórè, mo fi ọwọ́ bo ẹnu, mo ń gbọ́ ẹlòmíràn tó ń ka ohun tí mo ti fi ọ̀sẹ̀ méjì múra sílẹ̀ fún. Ó dùn mí gan-an, n kò ní parọ́ fún ọ.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e, ó gbé òmíràn dé. Kí ni n bá fi wé? Ó pọ́n díẹ̀ níbi ẹ̀gbẹ́ èrìgì bíi ti àwọn yòókù. Ó yí díẹ̀ láti bá ìkejì rẹ̀ mu. Ó ní ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lójú, ilà tó jẹ́ pé ìwọ tí o mọ̀ mí láti ìgbà tí a kò tíì ní ọmú lè búra pé wọ́n bí i mọ́ mi ni. Dókítà Lerato lẹ̀ ẹ́, ó ní kí n deyín mọ́ bébà aláwọ̀ kan, ó ha ibi tó ga díẹ̀ kúrò, ó tún ní kí n deyín. Adésànmí ní kí n ka nǹkan. Mo ṣí Sáàmù lórí fóònù mi, mo kà á. Ó di ojú rẹ̀, ó tẹ́tí sí i. Kò sí ìfé kankan.

“Ó ti jókòó,” ni gbogbo ohun tó sọ. Ó gbé àpótí rẹ̀, ó ní ẹlòmíràn ń dúró de òun. N kò rí àyè dúpẹ́ bí mo ṣe fẹ́.

Ọjọ́ Ìsinmi tí mo wá kàwé kì í ṣe ọjọ́ pàtàkì kankan. Kò sí ìkórè, èrò ò pọ̀, òjò fẹ́ rọ̀. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹni tó yìn mí. Wọ́n kàn ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Mo dúró níbẹ̀, mo ń ronú nípa ọkùnrin tó mọ̀ pé bí òun bá ṣe iṣẹ́ òun dé ojú àmì, kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé òun ṣe nǹkan kan.

Màmá mi nìkan ni mo fẹ́ kí wọ́n rí i. Oṣù mẹ́rin ni mo fi sá fún wọn lórí fídíò, tí mò ń ní fóònù mi ò dáa. O mọ ojú wọn, àwọn tó máa ń rí àbàwọ́n lára aṣọ láti òdìkejì títì. Lánàá, mo pè wọ́n fúnra mi. Mo gbé fóònù sún mọ́ ojú, mo ń rẹ́rìn-ín ṣáá, mo ń dúró kí wọ́n sọ̀rọ̀. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní mo ti rù. Wọ́n ní irun mi fẹ́ dídì. Wọ́n ní ta ló ta kọ́tìnì tó burú yẹn sẹ́yìn mi. Nígbà tó yá, wọ́n ní, “Bọ́láwùmí, kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín tó báyìí?”

Mo ní kò sí nǹkan kan, mà.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí o sì bá mi kí ìyá ọkọ rẹ lórí ìkúnlẹ̀. Sọ fún Afusat pé aṣọ funfun méjì ń bọ̀ lọ́nà fún un, kó fi ìwọ̀n rẹ̀ ránṣẹ́. Akínfẹ́mi kí gbogbo yín. Má ṣe fìyà jẹ mí nítorí pé mo pẹ́, tètè fèsì.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Bọ́láwùmí.